Ẹsẹ̀ wú, orí ń fọ́: ìbéèrè àwọn aláboyún lórí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún

Bí ẹ bá lóyún, tí orí ń fọ́ yín gan-an báyìí, tí ojú yín ń ṣú tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń kọ yẹ̀rì níwájú yín, ẹ má wulẹ̀ ka èyí tán. Ẹ pe ẹnìkan kó sìn yín, kí ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ jókòó. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, lórí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tí àwọn dókítà ń pè ní preeclampsia, ni mo ń gbọ́ jù ní ọjọ́ kíláàsì aláboyún àti lórí fóònù lóru. Bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn ni mo ṣe dáhùn wọn.

Kí ni preeclampsia yìí gan-an?

Àìsàn oyún ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 ló sábà máa ń yọjú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP) á gòkè dé 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, purotéènì á máa bá ìtọ̀ jáde, tàbí kí àyẹ̀wò fi hàn pé nǹkan ti ń ṣe ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọpọlọ tàbí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú 100 aláboyún káríayé, ó ń ṣe nǹkan bí 2 sí 8. Bí wọn kò bá tètè rí i, ó lè di gìrì aláboyún, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní eclampsia, ó sì wà lára àwọn ohun tó ń pa aláboyún jù ní ilẹ̀ wa.

Ibi ọmọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oyún ṣì kéré, ó yẹ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ilé ọmọ fẹ̀ dáadáa, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn lọ sí ibi ọmọ láìsí ìdíwọ́. Lára àwọn obìnrin kan, wọn kì í fẹ̀ tó. Ẹ̀jẹ̀ kò ní kárí ibi ọmọ, òun náà á wá máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, àwọn èròjà yìí ló ń ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ káàkiri ara. Ìdí nìyẹn tí àìsàn kan ṣoṣo fi ń kan orí, ojú, ẹ̀dọ̀ àti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀ tipẹ́ kí ìfúnpá tó gòkè, nítorí náà ẹ yé wá ohun tí ẹ jẹ lánàá tàbí iṣẹ́ tí ẹ ṣe kiri.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń ṣe mí?

Ẹ lè má mọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù nìyẹn. Ìfúnpá 150/100 kì í dun èèyàn. Obìnrin lè ti ọjà dé, kó gún iyán, kó bá àwọn ọmọ ṣeré, kí kíndìnrín rẹ̀ sì ti máa fara gbá a. Ẹ̀rọ ìfúnpá àti àyẹ̀wò ìtọ̀ ló máa ń tètè sọ ọ́. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aláboyún rí oníṣẹ́ ìlera ní ìgbà 8, ó kéré tán, márùn-ún nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni ewu yìí ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní “ara mi le, n kò ní lọ sí kíláàsì lóṣù yìí” ti fo àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù.

Nígbà tí ara bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àìsàn náà ti lè le. Orí á máa fọ́ burúkú, ojú á máa ṣú tàbí kó máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ìnira á wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, èébì á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èébì ìbẹ̀rẹ̀ oyún ti lọ tipẹ́, ojú àti ọwọ́ á wú lójijì, èémí á máa gún, tàbí kí ọmọ má yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan péré nínú wọn tó fún yín láti lọ wọn ìfúnpá lónìí. Kò dìgbà tí wọ́n bá pé.

Ẹsẹ̀ mi wú. Ìyá ọkọ mi ní kí n má ṣèyọnu, pé ọkùnrin ni mo máa bí.

Màmá ń tù yín nínú ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wíwú kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ọ̀pọ̀ aláboyún ni ẹsẹ̀ wọn ń wú láìsí àìsàn kankan, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìdúró pípẹ́ àti nígbà ooru. Bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí sùn, á ti fà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ni wíwú tó yá, tó sì kọjá ẹsẹ̀. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ wo dígí, ojú yín ti wú dé ìpéǹpéjú. Òrùka ìgbéyàwó tó ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò kọjá oríkèé ìka mọ́. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ojúgun yín fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ gbé e kúrò, ojú ibi tí ẹ tẹ̀ jìn wọlé kò sì tètè padà. Ẹ lọ wọn ìfúnpá. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń dùn tó sì gbóná, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan. Ilé ìwòsàn náà ni, lọ́jọ́ náà.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un: ẹsẹ̀ tí kò wú kò túmọ̀ sí pé ewu kò sí. Mo ti rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ tí ìfúnpá wọn sì jẹ́ 170/110.

Orí ń fọ́ mi láti ìjẹta. Ṣé kì í ṣe ibà lásán?

Ó lè jẹ́ ibà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní ilẹ̀ wa, gbogbo orí fífọ́ ni a ti sọ di ibà. Aláboyún á lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á po oògùn ibà pọ̀ fún un, á lo ọjọ́ mẹ́ta, orí kò ní rọlẹ̀, wọ́n á tún fi òmíràn kún un. Kò sí ẹni tó wọn ìfúnpá rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ibà àti preeclampsia sì lè jọ wà lára ẹnìkan náà, nítorí náà bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá tilẹ̀ sọ pé ibà ni, ẹ ṣì ní kí wọ́n wọn ìfúnpá.

Orí fífọ́ tó yẹ kó lé yín jáde nílé ni èyí tó le, tí ẹ ti lo paracetamol sí tí kò gbọ́, tàbí tó ń bá ojú ṣíṣú tàbí èébì rìn. Ojú ṣíṣú yìí, ọ̀nà tí oníkálukú ń gbà ṣàlàyé rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn kan á ní àwọn ń rí ìràwọ̀ kéékèèké, àwọn kan á ní bíi pé ẹnìkan ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú àwọn. Bó ti wù kó rí, ẹ má ṣe wakọ̀ fúnra yín lọ.

Ìsàlẹ̀ àyà ń ta mí lápá ọ̀tún. Mo rò pé ọgbẹ́ inú ni.

Ẹ̀dọ̀ wà lápá ibẹ̀. Nígbà tí preeclampsia bá kan ẹ̀dọ̀, ó máa ń wú, ìnira rẹ̀ á sì jọ ti ọgbẹ́ inú tàbí ti oúnjẹ tí kò dà. Àwọn kan á mu oògùn ọgbẹ́ inú, wọ́n á sì lọ dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, ẹ má gbà pé ọgbẹ́ inú ni títí wọn ó fi wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín wò.

Wọ́n wọn ìfúnpá mi ní kẹ́míìsì, ó jẹ́ 142/90. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ̀rù náà tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó bá kọ̀ndọ́ jà, tó sì rìn nínú oòrùn, ìfúnpá rẹ̀ á ga fún ìgbà díẹ̀. Ẹ lọ tọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, torí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé e sókè. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ kọ́ra. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba. Kí wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ ara apá gan-an, kì í ṣe lórí ẹ̀wù. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí apá yín bá tóbi, aṣọ ẹ̀rọ tó kéré á parọ́ mọ́ yín, á ní ìfúnpá ga jù bó ṣe wà lọ. Ẹ béèrè fún èyí tó tóbi, kì í ṣe ìtìjú.

Bó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún bá a bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 4, ìfúnpá yín ga lóòótọ́. Ẹ má mú un lọ sílé. Ilé ìwòsàn ni ẹ máa mú un lọ lọ́jọ́ náà fún àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá dé 160, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá dé 110, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ẹ kò ní dúró de wákàtí mẹ́rin kankan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ lè bẹ́ ní irú ìfúnpá yẹn.

Ẹni tó bá lágbára láti ra ẹ̀rọ sílé, kó ra èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá, kó má ra ti ọrùn ọwọ́. Ẹ máa kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago sínú ìwé kan, kí ẹ sì mú ìwé náà wá sí kíláàsì.

Kí ni wọ́n ń fi ìtọ̀ mi ṣe ní gbogbo ìgbà tí mo bá wá?

Wọ́n ń wá purotéènì àti ṣúgà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àwọn ojú aláwọ̀ lára ni wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀. Ojú tó wà fún purotéènì á pọ́n rúsúrúsú bí kò bá sí nǹkan, á sì máa di àwọ̀ ewé bí purotéènì bá ṣe ń pọ̀ sí i. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi omi fọ ojú ara, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, kí ẹ wá gba ti àárín sínú ike. Bí nǹkan ojú ara bá dà pọ̀ mọ́ ọn, ó lè fi purotéènì tí kò sí hàn.

Ní ibi tí wọn kò bá ti yẹ ìtọ̀ yín wò rí, ẹ béèrè fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yẹ purotéènì wò.” Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ta ló yẹ kó máa ṣọ́ra jù?

Ẹni tó lóyún àkọ́kọ́. Ẹni tí preeclampsia ti ṣe rí nínú oyún tó kọjá. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín kó tó lóyún. Ẹni tó lóyún ìbejì, àwa Yorùbá sì ni ìbejì pọ̀ láàárín wa jù láyé. Ẹni tó sanra púpọ̀, ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, ẹni tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe rí, ẹni tí àkókò àárín oyún méjì rẹ̀ lé ní ọdún 10.

Ẹ má sì rò pé agbára ara ń lé e sá. Allyson Felix àti Tori Bowie jọ gba góòlù fún Amẹ́ríkà nínú eré ìje mẹ́rin-lọ́nà-ọgọ́rùn-ún mítà ní Rio ní 2016. Ní 2018, Felix lọ fún ìbẹ̀wò oyún tí kò fura sí ohunkóhun ní ọ̀sẹ̀ 32, wọ́n bá preeclampsia tó le lára rẹ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde. Ìyá àti ọmọ yè. Bowie kú nílé rẹ̀ ní Florida ní 2023, nínú oyún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ọmọ ọdún 32 ni. Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò kọ eclampsia mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó ti dá sí ikú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó yára jù láyé nìyẹn.

Wọ́n ní ìrònú ló fà á. Àwọn kan ní òtútù ni, àwọn kan ní ayé ni.

Ìrònú kò fa preeclampsia. Mo ń sọ ọ́ kíkankíkan nítorí mo rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń di ẹ̀bi lọ́rùn obìnrin: “Ó ń ronú jù, kò lè gbé ọ̀rọ̀ kúrò lọ́kàn.” Òtútù kò fà á, omi tútù tí ẹ mu kò fà á, títẹ ilẹ̀ tútù láìwọ bàtà kò fà á. Ibi ọmọ ni, bí mo ṣe ṣàlàyé lókè.

Ní ti ayé, n kò ní bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ gbàdúrà. Èmi náà ń gbàdúrà kí n tó wọ wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n kí àdúrà má gba àkókò tó yẹ ká fi wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, nítorí gìrì kì í dúró de òru ìṣọ́.

Ǹjẹ́ oògùn wà tó lè dènà rẹ̀?

Ó wà fún àwọn tí ewu wọn pọ̀: aspirin kékeré, 75 mílígíráàmù lójoojúmọ́. Dókítà ló ń kọ ọ́. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì dára kó tó di ọ̀sẹ̀ 16, torí ìgbà yẹn ni ibi ọmọ ń fìdí múlẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, wọ́n ń lò tó 150. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn tó ti ṣe rí kí wọ́n má dúró di oṣù karùn-ún kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe fún gbogbo aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kó tó fi kan ẹnu.

Kálísíọ̀mù náà ń ṣèrànwọ́ níbi tí oúnjẹ kò bá ti ní in tó, bíi tiwa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1.5 sí 2 gíráàmù lójúmọ́ ní irú ibẹ̀. Wàrà, edé, ẹja kéékèèké tí a ń jẹ pẹ̀lú egungun, yánmọtí àti ẹ̀fọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ẹ nílò oníhóró kún un.

Àgbo ńkọ́? Omi ewúro? Kí n yé jẹ iyọ̀? Kẹ́míìsì fún mi ní Lasix kí omi ẹsẹ̀ lè fà.

Ẹ dá Lasix dúró, àyàfi bí dókítà tó mọ̀ nípa oyún náà bá kọ ọ́ fún yín. Á mú yín tọ̀, ẹsẹ̀ lè fà díẹ̀, àìsàn á ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé yíyẹra fún iyọ̀ ń dènà preeclampsia, ẹ jẹ ẹ́ níwọ̀nba. Ọbẹ̀ ewúro, ẹ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí àgbo tí mo mọ̀ tó ń wo ibi ọmọ sàn, ohun tí mo sì ń bẹ̀rù ni ọ̀sẹ̀ tí obìnrin ń fi dán àgbo wò.

Ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún dókítà ní kété tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ lóyún. Àwọn oògùn bíi lisinopril lè pa ọmọ inú lára. Aldomet, nifedipine àti labetalol ni wọ́n sábà ń lò fún aláboyún.

Wọ́n ní kí n dúró sí wọ́ọ̀dù. Ara mi le, owó kò sì sí.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Àwọn ọmọ wà nílé, ọjà wà ní títì, owó bẹ́ẹ̀dì ń gun orí ara wọn. Bí owó bá ni ìṣòro, ẹ sọ ọ́ síta fún dókítà àti fún òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláìsàn, kí ẹ má kàn yọ́ lọ sílé.

Ìdí tí wọ́n fi dá yín dúró ni pé ìfúnpá 148/96 àárọ̀ lè di 180/120 kó tó di alẹ́. Oògùn ń fa ìfúnpá sísàlẹ̀, kò wo àìsàn náà sàn. Ìgbà tí ọmọ àti ibi ọmọ bá jáde ni ìwòsàn ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ṣe ni dókítà ń wọn ewu ìyá pẹ̀lú ọjọ́ orí oyún. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 37, wọn kò ní dúró mọ́, wọ́n á mú kí ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tíì pé, tí ìyá àti ọmọ sì ń ṣe dáadáa, wọ́n á máa ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá rí i pé ìbí lè wáyé kó tó di ọ̀sẹ̀ 34, wọ́n á gún ìyá ní abẹ́rẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ á fi tètè gbó. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le, ẹ̀mí ìyá ni wọ́n á kọ́kọ́ dì mú, ọmọ á lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọ̀pọ̀ ń bí fúnra wọn.

Abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún ìyàwó mi tó ní iná ń jó òun lára?

Magnesium sulphate. N kò mọ oògùn tí mo fẹ́ràn tó o nínú iṣẹ́ yìí. Ó ń dènà gìrì, ó sì ń dá a dúró bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2002, wọ́n gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín obìnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ yìí, gìrì mú wọn dín ní ìlàjì sí àwọn tí kò gbà á. Kò sì wọ́n bí ọ̀pọ̀ oògùn ṣe wọ́n.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, wọ́n á kọ́kọ́ rọra fi gíráàmù 4 sí iṣan, wọ́n á tún gún gíráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ooru á gba gbogbo ara, ojú á pọ́n, ìdí á sì dùn. Ẹ sọ fún un pé ooru yẹn á lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa fún un ní gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin títí wákàtí 24 lẹ́yìn ìbí tàbí lẹ́yìn gìrì tó mú un kẹ́yìn.

Ẹ ó rí nọ́ọ̀sì tó ń fi òòlù kékeré lu orúnkún rẹ̀, tó ń ka èémí rẹ̀, tó sì ń wo iye ìtọ̀ tó wà nínú àpò. Oògùn náà lè pọ̀ jù lára. Bí ẹsẹ̀ kò bá ta mọ́ nígbà tí a lu orúnkún, bí èémí kò bá tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí bí ìtọ̀ kò bá tó mílílítà 30 ní wákàtí kan, a kò ní fún un ní òmíràn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kò sí nítòsí, ẹ sáré pè é.

Gìrì ti mú un nílé. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí. Ẹ má ti ṣíbí tàbí ìka bọ ẹnu rẹ̀, ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má rọ epo, àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu, ẹ má fi iná ra ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má da omi lé e lórí. Ohun tí ẹ bá rọ sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Bí ó bá ti dáwọ́ dúró, kódà bó bá là ojú tó sì sọ̀rọ̀, ẹ gbé e, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀, ẹ máa lọ. Ní Èkó, ẹ lè pe 112 tàbí 767. Ilé ìwòsàn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ lóru ni ẹ wá. Bí ẹ bá mọ̀ pé ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí á kàn darí yín sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní Sàgámù, tí ọ̀nà kò sì jìn, ẹ má fi wákàtí méjì ṣòfò síbẹ̀.

Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa ni mo fẹ́ bí sí. Ìyá abiyè ibẹ̀ mọ iṣẹ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ọwọ́ ìgbẹ̀bí ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: ṣé wọ́n ń wọn ìfúnpá ní gbogbo ìbẹ̀wò, ṣé wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wò, ilé ìwòsàn wo ni wọ́n sì ń gbé èèyàn lọ bí ọ̀rọ̀ bá yí? Bí ìfúnpá yín bá ti ga lẹ́ẹ̀kan nínú oyún yìí, ẹ má bí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbàdúrà fún yín, kí ẹ sì bí sí ibi tí magnesium wà.

Mo ti bímọ. Ó ti parí, àbí?

Rárá o. Ìfúnpá sábà máa ń ga jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí, preeclampsia sì lè yọjú títí di ọ̀sẹ̀ 6, kódà lára ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ dára jálẹ̀ oyún. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ní àkókò yẹn. Ìsọmọlórúkọ kù fẹ́ẹ́rẹ́, àlejò kún ilé, ìkòkò wà lórí iná, gbogbo ojú wà lára ọmọ. Ìyá ní orí ń fọ́ òun, wọ́n ní àìsùn ni, wọ́n fi omi gbígbóná jó o.

Ẹ̀yin ìyá ìkókó, bí orí bá fọ́ yín tí ojú ṣú, tàbí tí èémí ń gún yín, ẹ fi ìsọmọlórúkọ sílẹ̀. Ẹ lò oògùn ìfúnpá tí wọ́n fún yín títí dókítà á fi ní ó tó. Àwọn tí wọ́n ń fún ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n yàn tí kò ní pa ọmọ lára nínú ọmú.

Ìlú Ọba ni mo wà. Ẹ̀rù ń bà mí kí n máa pè wọ́n ní gbogbo ìgbà.

Ẹ pè wọ́n. Nọ́ńbà ẹ̀ka ìgbẹ̀bí tó wà nínú ìwé yín máa ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ikú aláboyún pọ̀ láàárín obìnrin aláwọ̀ dúdú ju láàárín aláwọ̀ funfun lọ, níbẹ̀ àti ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹ má fi ìwà ọmọlúàbí dín ìnira yín kù lẹ́nu. Bí ìnira náà bá jẹ́ 9 nínú 10, ẹ pè é ní 9. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù: “Preeclampsia ni mò ń bẹ̀rù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ìfúnpá mi, ẹ yẹ ìtọ̀ mi wò.” Bí oyún kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 37, ẹ béèrè nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PlGF, tó ń fi hàn bí ibi ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ gìrì, 999 ni.

Ṣé á tún ṣe mí nínú oyún mìíràn?

Ó lè ṣe yín, ó sì lè má ṣe yín. Nínú obìnrin 6 tó ti ṣe rí, nǹkan bí ẹnìkan ló tún ń ṣe. Bó bá le débi pé ẹ bí kó tó di ọ̀sẹ̀ 34, ó súnmọ́ ẹnìkan nínú 3. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti rí i pé nǹkan oṣù kò dé, kí ẹ sì sọ ìtàn náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Láìka oyún sí, ẹ máa wọn ìfúnpá lọ́dọọdún, nítorí ẹni tó ti ṣe preeclampsia súnmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ ju àwọn tí kò ṣe rí lọ.

Ọkọ ni mí. Kí ni ojúṣe mi?

Ẹ mọ nọ́ńbà ìfúnpá rẹ̀ bí ẹ ṣe mọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ bá awakọ̀ kan nítòsí sọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí yóò gbé fóònù lóru, kí ẹ sì ní ẹlòmíràn tó máa rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi owó díẹ̀ pamọ́ síbi tí òun náà mọ̀. Ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀ àti lójú ìyá yín pé bó bá di pé kó lọ sí ilé ìwòsàn, kò nílò láti dúró gba àṣẹ lẹ́nu yín. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tí wọ́n ní kò sí nǹkan, ẹ bá a padà wálé, bó bá sì di ọ̀la tí orí tún fọ́, ẹ tún mú un lọ.